Ìbà Òwúrọ̀ ní Ilẹ̀ Páṣíà: Àdúrà Ojoojúmọ́ Àwọn Ọmọlẹ́yìn Zarathustra àti Bí Ó Ṣe Bá Ti Àwọn Ẹ̀sìn Mìíràn Mu

A júbà Olódùmarè, Ọba tí ó ni ọ̀sán, tí ó sì ni òru. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà àwọn olúwo tí wọ́n tẹ̀ wá nífá, tí wọ́n kọ́ wa ní ìwọ̀nba tí a mọ̀, tí wọ́n sì ti lọ bá àwọn baba wọn.  

Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí

Ìbéèrè kan ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àwọn ọmọ awo tí ó wà lọ́dọ̀ wa a máa béèrè pé: nígbà tí ọjọ́ awo ń pé ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, kí ni ìdí rẹ̀ tí olúwo fi ń jí ènìyàn ní ìdájí ní ojoojúmọ́ pé kí ó wá kí Ifá? Àwọn mìíràn lára wọn ti gbọ́ ní ìgboro pé àdúrà tí ó ní àkókò tirẹ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ̀ṣe. Pé mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn baba wa ti rí i kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n ìbínú kì í dáhùn ìbéèrè. Ìmọ̀ ni ó ń dáhùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú yín lọ sí oko jíjìn ní ọdún yìí, sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ti ń wẹ ọwọ́ wẹ ojú, tí wọ́n ti ń dojú kọ ìmọ́lẹ̀ láti gbàdúrà ní àkókò tí a yà sọ́tọ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó dúró ní ayé, kí mọ́ṣáláṣí kan tó dúró pẹ̀lú. Àwọn ni ọmọlẹ́yìn Zarathustra.

Àwọn wo ni ènìyàn wọ̀nyí?

Ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráànì lónìí ni ayé ìgbàanì mọ̀ sí Páṣíà. Kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ibẹ̀, ẹ̀kọ́ Zarathustra ni ó gbilẹ̀ ní ibẹ̀. Àwọn Gíríkì ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Zoroaster. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò sí ibì kan lórí ìgbà tí ó gbé ayé, ṣùgbọ́n èdè orin mímọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gatha, sún mọ́ èdè Rigveda ti àwọn ará Íńdíà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbà pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan ṣáájú ìbí Jésù. Ó kọ́ni pé Ahura Mazda, Olúwa Ọlọ́gbọ́n, ni Ẹlẹ́dàá. Pé rere àti ibi ń jà ní ayé. Àti pé ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ni yóò yan apá tí yóò dúró sí. Ọba Darius, tí ó jọba láti ọdún 522 títí di 486 ṣáájú ìbí Jésù, gbẹ́ ẹ sí ara àpáta Behistun pé Ahura Mazda ni ó fi òun jọba. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé ọba Sasani gbé ẹ̀sìn náà ga láti ọdún 224 títí di 651 lẹ́yìn ìbí Jésù.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ awo fi sọ́kàn. Orí ni àwọn àlùfáà wọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ mímọ́ náà. Baba ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, láìsí ìwé. Ìgbà àwọn Sasani, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún tàbí ìkẹfà, ni wọ́n tó ṣe lẹ́tà pàtàkì kan láti fi kọ ọ́ sílẹ̀ di ohun tí a ń pè ní Avesta. Lẹ́tà náà lé ní 50, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo nínú bí àlùfáà ṣe ń pè é sọnù. Àwa tí a ń gbé odù 256 sí inú, a mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí ó bá sì ń fi ẹ̀sìn tí kò ní ìwé ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó mọ̀ pé ẹnu ni ó ṣáájú ìwé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé.

Ìṣọ́ márùn-ún

Wọ́n pín ọ̀sán àti òru sí ìṣọ́ márùn-ún, tí wọ́n ń pè ní gah. Hawan ni ti òwúrọ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ọ̀sán gangan. Rapithwin tẹ̀ lé e, títí di nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Uzerin ni ti ìrọ̀lẹ́, títí tí oòrùn yóò fi wọ̀. Aiwisruthrem bẹ̀rẹ̀ ní àṣálẹ́, ó parí ní ọ̀gànjọ́. Ushahin ni ó gba òru kù, títí tí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní àdúrà tirẹ̀, ó sì ní ẹni mímọ́ tí ń ṣọ́ ọ. Mithra, tí ó ni májẹ̀mú àti òtítọ́, ni ó ni òwúrọ̀. Ìṣọ́ àṣálẹ́ sì jẹ́ ti àwọn Fravashi, ẹ̀mí àwọn olódodo tí ó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rántí àwọn òkú ọ̀run, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Ìmọ̀ ayé àwọn àgbẹ̀ wà nínú ètò náà. Nígbà òtútù, wọn kì í ka àdúrà Rapithwin. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Rapithwin ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ láti mú gbòǹgbò igi àti omi inú ilẹ̀ móoru, kí òtútù má baà pa wọ́n. Hawan ni wọn yóò tún kà ní ọ̀sán títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Nígbà tí Rapithwin bá sì padà sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, wọn a fi ayọ̀ kí i káàbọ̀.

Ìṣọ́ Ushahin ni ó sún mọ́ ìbéèrè àwọn ọmọ awo wa jù. Sraosha ni ó ń ṣọ́ òru, òun ni ó sì dúró fún ìgbọ́ràn. Ìwé wọn tí ń jẹ́ Vendidad sọ pé àkùkọ ni òjíṣẹ́ Sraosha. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, àkùkọ a gbé ohùn sókè láti jí ènìyàn sí àdúrà. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, iwin kan tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí ń jẹ́ Bushyasta, a máa sáré dé etí ibùsùn láti tan ènìyàn pé kí ó padà sùn, pé àkókò kò tíì tó. Ẹni tí ó bá dìde ni ó ṣẹ́gun àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà. Ọmọ awo wo ni Bushyasta kò tíì bẹ̀ wò?

Okùn ìbàdí àti àpò kékeré

Kí ọmọlẹ́yìn Zarathustra tó gbàdúrà, yóò kọ́kọ́ fi omi wẹ ọwọ́ àti ojú. Lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ ìmọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ oòrùn, ìbáà jẹ́ iná, ìbáà jẹ́ fìtílà. Ó wọ ẹ̀wù funfun kan sí abẹ́ aṣọ rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ sudreh. Ó sì so okùn kan mọ́ ìbàdí, tí ń jẹ́ kusti. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun okùn náà. Fọ́nrán 72 ni ó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orí 72 tí ó wà nínú Yasna, ìwé ìsìn wọn tí ó ga jù. Yóò tú okùn náà, yóò ka ọ̀rọ̀ àdúrà, yóò sì tún un so. Níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀mí búburú, yóò ju etí okùn náà fìrì láti fi lé e dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni okùn náà ń yí ìbàdí po. Èrò rere, ọ̀rọ̀ rere, ìṣe rere: èyí ni wọ́n ń kọ́ ọmọdé pé ìyípo mẹ́ta náà dúró fún. Ojúṣe wọn ni láti tú u kí wọ́n sì tún un so nígbà tí wọ́n bá jí, kí wọ́n tó jẹun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ìgbẹ́ dé, àti kí wọ́n tó gbàdúrà.

Ní ọrùn ẹ̀wù funfun náà, àpò kékeré kan wà níwájú. Kò sí owó tí ó lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún ọmọ pé àpò iṣẹ́ rere ni. Pé ní alẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fi sí inú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọmọ kì í ti inú ìyá rẹ̀ gbé okùn yìí wá. Ní ìgbà èwe, kí ó tó bàlágà, ni wọ́n ń wọ ẹ̀wù náà fún un tí wọ́n sì ń so okùn mọ́ ọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, níbi ayẹyẹ tí àwọn ti Íńdíà ń pè ní navjote. Láti ọjọ́ náà lọ ni àdúrà ti di ojúṣe ọmọ fúnra rẹ̀. A rántí ìtẹ̀fá, a sì rántí ìdè tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ wa. Ohun tí ara ń gbé kiri ni ọkàn kì í tètè gbàgbé.

Ní ti iná, àwọn aláìmọ̀ a máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní abọná. Wọn kò bọ iná gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí Ahura Mazda àti òtítọ́. Ní tẹ́ńpìlì ńlá wọn, iná kì í kú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, bí ìṣọ́ bá ti ń yí, àlùfáà tí ó fi aṣọ funfun bo ẹnu kí èémí rẹ̀ má baà ba iná jẹ́, yóò fi igi gbígbẹ bọ́ ọ, yóò sì lu agogo. Àwa tí wọ́n ń pè ní abọ̀gìbọ̀pẹ̀ mọ bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ni.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ìbà fi ń jọra

Bí a bá wo àwọn ẹ̀sìn mìíràn, a óò rí ohun tí ó jọ èyí. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò ní ẹnì kan ni ó jí i lò lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìtàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a rí tí nǹkan méjì fi lè jọra.

Èkíní ni ìbátan. Àwọn Híńdù ní Íńdíà ní àdúrà ìdájí, ti ọ̀sán, àti ti àṣálẹ́, tí wọ́n ń pè ní sandhya. Wọ́n ń fi omi wẹ ara mọ́, wọ́n sì ń dojú kọ oòrùn. Àwọn náà ní okùn mímọ́, ṣùgbọ́n èjìká òsì ni wọ́n ń gbé e kọ́, ọmọkùnrin ìdílé kan-kan ni ó sì sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀. Èdè àwọn méjèèjì fi hàn pé ọmọ baba kan náà ni wọ́n ní ìgbà láéláé. Ohun tí ará Páṣíà pè ní yasna ni ará Íńdíà pè ní yajna. Ohun tí èkíní pè ní haoma ni èkejì pè ní soma. Ìyapa ilé ni èyí, kì í ṣe olè.

Èkejì ni àdúgbò. Ní ọdún 539 ṣáájú ìbí Jésù, Kírúsì ọba Páṣíà gba Bábílónì, ó sì fún àwọn Júù tí ó wà ní ìgbèkùn láàyè láti padà sí ilé. Àwọn Júù gbé lábẹ́ ìjọba Páṣíà fún nǹkan bí igba ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń gbàdúrà, ìtàn Dáníẹ́lì tí ó ń kúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú fèrèsé tí ó ṣí sí ìhà Jerúsálẹ́mù sì wà nínú Bíbélì. Lára àwọn Júù ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìṣáájú ti jáde. Ìwé Didache wọn pa á láṣẹ pé kí wọ́n gba àdúrà Olúwa ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, òfin Benedict ní ọ̀rúndún kẹfà sì pín ọ̀sán àti òru sí wákàtí ìsìn fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ilé ìsìn. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, ẹ̀yin náà mọ Àsùbáà, Àyìlà, Alásàrí, Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì. Ẹ mọ àlùwàlá, ẹ sì mọ kíbùlà. Àwọn onímọ̀ kan, bíi Mary Boyce, rí ọwọ́ ìṣọ́ márùn-ún ti Páṣíà nínú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn gbà pé ní òru tí Ànábì gòkè re ọ̀run ni Ọlọ́run fi ìrun márùn-ún náà lé e lọ́wọ́. Àwa kò jókòó láti ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní àríyànjiyàn: àwọn Mùsùlùmí Ìráànì, ti Tọ́kì àti ti Íńdíà kì í sábà pe ìrun ní salat gẹ́gẹ́ bí àwọn Lárúbáwá. Namaz ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Páṣíà àtijọ́ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìtẹríba, ìbà. Ẹ̀sìn yí padà, orúkọ ìbà kò yí padà. Àwa náà, ẹ má jẹ́ kí a gbéraga: ọ̀rọ̀ "àdúrà" tí gbogbo wa ń lò láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ó ti wọ èdè wa. Ìbà àti ìwúre ni tiwa.

Ẹ̀kẹta ni ojúmọ́ tí ó mọ́ fún gbogbo ènìyàn. A kò rí ẹ̀rí pé babaláwo kan bá àlùfáà Páṣíà pàdé. Síbẹ̀, àwa náà ń fi omi bọ́jú kí a tó fọhùn, a ń fi omi tútù ṣe ìbà, a sì ń wúre nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá la òru já mọ̀ pé kì í ṣe agbára òun. Ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dìde láìdúpẹ́. Èyí ni ìdáhùn wa fún àwọn tí ó ní a rí ìwúre kọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Oòrùn ni olùkọ́, ó sì kọ́ gbogbo wa.

Nígbà tí ààfin wó

Ní àárín ọ̀rúndún keje, àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà. Yazdgird Kẹta, ọba Sasani ìkẹyìn, kú ní ọdún 651. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ẹ̀sìn tuntun. Àwọn tí kò gbà ń san owó-orí jizya. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gujarat ní Íńdíà. Àwọn ni a ń pè ní Parsi títí di òní. Iná ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní Iranshah ṣì ń jó ní ìlú Udvada. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sí ilé fara pa mọ́ sí ìgbèríko Yazd àti Kerman. Ní ọdún 1854, àwọn Parsi rán Manekji Limji Hataria lọ láti wo bí àwọn ará wọn ṣe wà ní Ìráànì. Ìṣẹ́ àti ìyà ni ó bá. Ó ṣe akitiyan títí tí wọ́n fi mú owó-orí náà kúrò ní ọdún 1882.

Kí ni ó mú wọn dúró ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan? Wọn kò ní ọba, wọn kò ní ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì wọn ti wó. Okùn ìbàdí ni ó kù, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ìyá lè kọ́ ọmọ nínú yàrá. Àdúrà Ashem Vohu kò ju ọ̀rọ̀ 12 lọ. Yatha Ahu Vairyo jẹ́ 21. Kò sí ọba tí ó lè gba èyí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tí a ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀tá lè dí ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀, ta ni yóò dí i?

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìhà kejì, òun ni ó sì kàn wá jù. Ní ọdún 1839, ní ìlú Bombay tí a ń pè ní Mumbai nísinsìnyí, àwọn ọmọkùnrin Parsi méjì ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì ará Skọ́tíláǹdì kan, John Wilson. Gbogbo ìlú mì tìtì. Ní 1843, Wilson tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀rọ̀ inú Avesta fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn náà. Àwọn àlùfáà dìde láti dáhùn, ìtìjú sì dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ àdúrà náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n wọn kò lè túmọ̀ èdè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtúnṣe. Ní 1851 wọ́n dá ẹgbẹ́ Rahnumae Mazdayasnan Sabha sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Okùn gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun; àìmọ ìtumọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká ní àkókò àlàáfíà.

Ohun tí a rí ní ilé olúwo wa

Nígbà tí a ń kọ́ Ifá, kí àkùkọ tó kọ ni a ti ń pọn omi. Ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni kí a tó kí Ifá. Olúwo a jókòó lórí ẹní, a fi ìrọ́kẹ́ lu ọpọ́n, a ṣe ìbà, a sì wúre fún gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ki ẹsẹ̀ gígùn kan láìkọsẹ̀. A ń retí ìyìn. Baba bi wá léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. A dákẹ́. Wọ́n ní, "Ayékòótọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ jókòó." Oṣù kan gbáko ni a fi ń pọn omi tí wọn kò sì jẹ́ kí a ki ẹsẹ̀ mìíràn, àfi ìgbà tí a wá ìtumọ̀ náà kàn lọ́dọ̀ àwọn àgbà. A bínú nígbà náà. Ìgbà tí a gbọ́ ìtàn àwọn Parsi ni a tó mọ irú ìtìjú tí Baba ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ̀ràn

Ìkànìyàn ìjọba Íńdíà fi hàn pé àwọn Parsi jẹ́ 69,601 ní ọdún 2001. Ní 2011, wọ́n ti dín kù sí 57,264. Àwọn ọmọ wọn kò pọ̀ mọ́, àríyànjiyàn sì wà láàárín wọn lórí ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbà wọlé. Ẹ má sọ pé àwa pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní ìgbà kan rí, ẹ̀sìn ọba ni tiwọn náà.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ilé awo. Èkíní, kí ìbà òwúrọ̀ má ṣe di ti olúwo nìkan. Kí ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, mọ ìwọ̀nba tí yóò sọ bí ó bá jí, ì báà ṣe ìlú òkèèrè ni ó wà. Èkejì, kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gba ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀ máa gba ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́nu àgbà tí ó ṣì wà láàyè, nítorí ohùn tí kò ní ìtumọ̀ kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ìbà ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó dìde ní ìdájí láti dúpẹ́, ó ti borí oorun kan náà tí àwa ń bá jà.

Ojúmọ́ ọ̀la yóò mọ́ kí ọdún yìí tó tán nílẹ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ó bá gbogbo wa ní ààyè, kí ó bá omi nínú àmù wa, kí ó sì bá ìbà ní ẹnu àwọn ọmọ wa. Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè.